Àwòrán Tí Bàbá Ẹlẹ́ṣin Yà Sára Ògiri

Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ tó Nehemiah ní gbogbo Ìwó. Bí ọ̀kadà bá kọ lù ú, òun náà ló máa ní kí ọlọ́kadà má bínú. Bí òjò bá lé àwọn ọmọdé kúrò lórí ẹ̀rọ ìṣeré tó ń tọ́jú, á máa bẹ àwọn ìyá wọn bí ẹni pé òun ló rọ òjò. Èmi tí mò ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì ọgbà ìṣeré tó ti ń ṣiṣẹ́, tí mo sì ju Nehemiah lọ dáadáa, mo ti bá a wí títí ó fi sú mi. Mo ní, "Nehemiah, ta lo tiẹ̀ ṣẹ̀ gan-an?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Abdulfatah." Ẹ ò rí nǹkan! Èmi náà ló tún ń bẹ̀.

Nígbà yẹn, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àṣà ẹnu rẹ̀ lásán ni. Ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ̀ báyìí ló ní ìdí, ìdí yẹn ni mo sì fẹ́ sọ, torí àwọn aláròyé kan ti ń sọ ọ́ kiri pé ó sọ ọgbà àwọn ọmọdé di ibojì. Wọn ò sí níbẹ̀ o. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ọmọ Kuta ni Nehemiah. Bàbá rẹ̀ ń dáko iṣu, ìyá rẹ̀ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń kọ ebè, òun á jókòó sílé, á máa fi èédú ya ewúrẹ́ sára ògiri. Wọ́n nà án, nínà ò ràn án. Nígbà tó yá, wọ́n mú un wá sí Ìwó níbí, wọ́n fà á lé ọ̀gá kan tó ń ya nǹkan sára mọ́tò lọ́wọ́. Ṣé ẹ rántí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń ní kìnnìún lẹ́yìn, tí kìnnìún náà á máa wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ bá a jà? Púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ Nehemiah ni. Ó ya adìyẹ sára ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ó ya irun dídì sára ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, ó kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ó sì ń dán títí dòní. Ìdí iṣẹ́ yẹn ló wà tó fi fẹ́ Mercy ìyàwó rẹ̀, tó fi bí Yọ̀mí ọmọ rẹ̀.

Ìgbà tí bánà onírọ́bà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá dé, gbogbo ayé gbà pé ìyẹn yá, ìyẹn sì dára. Iṣẹ́ Nehemiah bá dẹnu kọlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó padà sí Kuta lọ kọ ebè tó sá fún, ni Alhaji Lateef bá dé láti Kánò níbi tó ti ń ṣòwò, ó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ilé-Ogbó, ó ní òun fẹ́ ṣe ọgbà ìṣeré fáwọn ọmọ Ìwó. Ó ra jangirọ́fà, ó ra èyí tí wọ́n ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wá ra ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin kan tó ti gbó, èyí tí àwọn ẹṣin onírin máa ń yí po tí ọmọdé á jókòó lé wọn lórí. Gbogbo ẹṣin náà ló ti hó. Nehemiah ló tún wọn kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fún wọn ní ojú, ó fún wọn ní eyín. Nígbà tó kùn ún tán, Alhaji ní kó kúkú dúró ti ẹ̀rọ náà. Àwọn ọmọdé wá sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin.

Nínú àwọn ọmọ yẹn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Èyímofẹ́. Ọmọ Tèmilọlá ni, obìnrin tó ń ránṣọ ní ìdojúkọ ọgbà náà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bí i, ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ò gun ẹṣin míì àfi ẹṣin pupa kan tí etí rẹ̀ kan ti ya. Bó bá ti jókòó lé e, á tẹ̀ síwájú, á fi ẹnu sí etí tó ya yẹn, á máa bá ẹṣin sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ á fi dúró. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí lò ń bá a sọ? Ó wò mí tìyanu tìyanu, ó ní, "Ìyá Abdulfatah, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Mo fẹ́ẹ̀ gbá a létí, ẹ̀rín ni ò jẹ́.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Nehemiah ti pa jẹnẹrétọ̀, ó fẹ́ tètè lọ sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èyímofẹ́ sáré dé, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. "Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré." Nehemiah ní ó ti tán fún tòní. Ọmọ náà ò fi í sílẹ̀. Nehemiah wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lójú, ó ní, "Ọ̀la. Bó o bá ti dé lọ́la, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gùn ún." Inú ọmọ náà dùn, ó sáré kọjá níwájú mi, mo bu gúgúrú sí i lọ́wọ́, ó gbà á láìdúpẹ́, ó lọ.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n gbé e lọ síbi ìtọ́jú, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọ ti lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe òkú ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa. A kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀ lé e, a kì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn wọ́n. Ilé-Ogbó, nílé àwọn bàbá rẹ̀, ni wọ́n gbé e lọ. Kọjá ibẹ̀, Tèmilọlá ò mọ nǹkan kan. Màmá Ẹfúnróyè, ìyá ọkọ rẹ̀, ló kó aṣọ ọmọ náà, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n já gbogbo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Àwa àdúgbò náà ṣe tiwa. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pe obìnrin náà ní Ìyá Èyímofẹ́ mọ́. Ó ní ọmọ ọwọ́ kan, Ayọ̀nitèmi. Ìyá Ayọ̀nitèmi ni gbogbo wa ń pè é. Bí a bá rí i, a ó ní Ọlọ́run á dá èyí tó wà lọ́wọ́ sí, a ó sì tètè mú ọ̀rọ̀ míì wọlé.

Nehemiah ò rí ọ̀rọ̀ míì mú wọlé ní tirẹ̀. Á tan ẹ̀rọ, á máa wo ẹṣin pupa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo puró fún ọmọ yẹn."

Inú bí mi. "Irọ́ wo? Ṣé ìwọ lo fún un ní ibà ni? Ṣebí gbogbo ẹni tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù ló máa ń sọ pé ó di ọ̀la?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní kí n ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì tutù. Kí ni ìbá ná mi?" Ó bojú wolẹ̀. "Ìpàdé yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ àga la sọ níbẹ̀. Àga tuntun tí a fẹ́ rà."

Mo sọ̀rọ̀ títí, kò wọ̀ ọ́ létí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ti ibi ìrun dé, mo gbójú sókè, mo sì pariwo. Subuhanallahi! Lára ògiri tó dojú kọ ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin, níbi tí mo ti ń rí i kedere láti ìdí gúgúrú mi, Èyímofẹ́ wà níbẹ̀. Ó jókòó lórí ẹṣin pupa, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀ tó ya. Nehemiah ò ní fọ́tò kankan lọ́wọ́ o, orí ló fi yà á, síbẹ̀ kò sí ibi tí kò jọ. Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: NÍ ÌRÁNTÍ ÈYÍMOFẸ́.

Mo wọlé lọ bá a. Mo ní, "Nehemiah, orí ẹ pé ṣá? Ibi ìṣeré nìyí! Àwọn ọmọ wá ṣeré, wọ́n wá jẹ gúgúrú, o wá gbé ẹni tó ti kú síwájú wọn?"

Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Níbo ni kí n wá gbé e sí? Ibí ni inú rẹ̀ ti máa ń dùn. Ẹ ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ó máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ẹ̀rín pa mí, mo sì bínú pé ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ṣé o bi ìyá rẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í? Kí n dúró níwájú ìyá, kí n wá máa dárúkọ ọmọ náà?"

Kò sí ẹni tó ń ṣe é. Èmi náà ò lè ṣe é.

Alhaji Lateef dé, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní òun ti gbọ́ pé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó ti lọ sára bẹ́ǹṣì nínú irú ọgbà báyìí, ojú kì í sì í ti ẹnikẹ́ni. Ó tún ní ibi ayọ̀ ni òun kọ́ o, òun ò kọ́ ibi ẹkún. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní ó dára, ó ní kí a ṣì máa wò ó ná. Ọ̀gá tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Àwọn ìyá kan ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kọjá kíákíá. Àwọn ọmọ ni ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á ní, "Èyímofẹ́, báwo ni?" wọ́n á sì gun ẹṣin wọn lọ.

Kò pẹ́ sí i ni Tèmilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra gúgúrú. Á gbé Ayọ̀nitèmi pọ̀n, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á mú gúgúrú lọ́wọ́ títí yóò fi tutù, kò ní jẹ ẹyọ kan. Kì í wọlé. Á kí mi, nígbà tó bá yá, á lọ. Mo rò pé ọmọ àwọn ẹlòmíì ló ń wò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo máa ń bu jàrá sí i. Èmi arìndìn, jàrá gúgúrú ni mo rò pé ó nílò!

Bí Nehemiah bá ti rí i lókèèrè, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ló ń sá sí. Ó rù, Mercy ní kì í jẹun tán mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń wá gégùn-ún fún mi nínú ikùn rẹ̀ ni. Ó sì tọ́ sí mi. Bó bá lè wọlé kó gbá mi létí, ara á tù mí. Kó ṣáà sọ ohunkóhun sí mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀." Ẹni tí ń bẹ gbogbo ayé, ó wá ní ẹ̀bẹ̀ gidi láti bẹ̀, kò rí ẹnu bẹ̀ ẹ́.

Màmá Ẹfúnróyè ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kó tó dúró dáadáa, wọn ò dáhùn kíkí mi, ìdí ògiri ni wọ́n gbà lọ tààrà.

"Ta ló ya ọmọ mi síbí?"

Nehemiah ti na gbalaja sílẹ̀. "Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú, Mà."

"Mo kó aṣọ rẹ̀. Mo kó bàtà rẹ̀. Mo kó fọ́tò rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè rí oúnjẹ gbé mì, kó lè fún èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́mú. Ìwọ wá gbé ojú rẹ̀ sí títì! Ṣé o fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn ya wèrè ni?"

"Rárá, Mà."

"Èmi náà ti sọ ọmọ nù rí. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè dìde nílẹ̀." Ohùn wọn yí padà. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ nawọ́ kàn án, wọ́n fa ọwọ́ padà. "Pa á rẹ́. Lójú mi báyìí."

Èmi tí mo ti ń pariwo pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Nehemiah gbé pẹ́ńtì funfun tó kù nígbà tí wọ́n kun fẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pa rẹ́, ó wá pa ẹṣin, ó pa ọwọ́ ọmọ náà. Ó dé ojú, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ẹ̀yìn. Màmá ní, "Parí ẹ̀." Ó parí ẹ̀. Màmá fi ìborùn nu ojú, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Nehemiah jókòó sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Kò pẹ́ rárá tí Tèmilọlá fi dé, àsìkò tó máa ń dé náà ni. Mo ti bu gúgúrú rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbà á.

"Ìyá Abdulfatah, níbo ló wà?"

Mo ní, "Ta ni?" Astagfirullah! Mo la ẹnu mi, mo ní ta ni.

Ó ní, "Ọmọ mi."

Ó sì wọ inú ọgbà. Látìgbà tí ọmọ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ibẹ̀. Mo fi ọjà mi sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Nehemiah rí i, ó wo ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ó wo ọ̀nà géètì, kò ríbi gbà. Ni àgbà ọkùnrin yẹn bá dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó kéré sí i.

"Ẹ má bínú. Ẹ foríjì mí. Kò yẹ kí n yà á. Mo ti pa á rẹ́ báyìí, kó má bàa máa dùn yín mọ́."

"Ta ló ní ó ń dùn mí?" Ariwo tó fi sọ ọ́ jí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló bi mí? Nínú gbogbo yín, ta ló bi mí? Wọn ò fi ibi tó wà hàn mí. Wọ́n kó gbogbo fọ́tò rẹ̀. Ẹ yí orúkọ mi padà mọ́ mi lórí, kí ẹ má bàa dárúkọ rẹ̀. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń rí ojú ọmọ mi, Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Ẹ tún gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ìtìjú bò mí. Lójoojúmọ́ tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò wo ibi tí ojú rẹ̀ ń wò rí.

Nehemiah dìde. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó fi ìka kan pẹ́ńtì funfun náà. Ó yíjú sí mi, ó pariwo, "Omi! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé omi wá!"

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ó ní pẹ́ńtì olóròóró ni òun fi ya ọmọ náà, ìyẹn ti gbẹ tipẹ́, kò ní bómi lọ. Funfun tó wà lókè yìí, omi ni wọ́n fi pò ó, kò tíì gbẹ, bí a bá yára a lè fọ̀ ọ́ kúrò. Mo sáré lọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu mi. Ó rẹ àkísà sínú omi, ó fẹ́ máa nu ògiri.

Tèmilọlá ní, "Ẹ gbà mí láyè."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fún un. Iwájú orí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó nù ún wálẹ̀ sí ojú kan, ó nu ojú kejì, ó nu ihò imú, ó wá fi ìka lọ́ aṣọ náà yí ẹ̀yìn etí ká, bí a ṣe ń fọ ojú ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ìwé. Omi funfun ń ṣàn lọ sí ìgúnpá rẹ̀, kò bìkítà. Bí ojú náà ṣe ń yọ, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Dúró jẹ́ẹ́. Dúró jẹ́ẹ́, ó ti ń tán."

Ojú yọ, ọwọ́ yọ, orí ẹṣin yọ. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti gbẹ, kò yọ mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Mo ní, "Màmá ńkọ́?"

"Èmi ni màá bá Màmá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo bí i."

Nehemiah ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Èyímofẹ́." Bó ṣe pè é nìyẹn, ara gbogbo wa jí gìrì. "Ìyá Èyímofẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi. Ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Mi ò jẹ́. Mo ní ọ̀la."

Tèmilọlá ò yíjú kúrò lára ògiri. "Mo mọ̀. Ó sáré wá sọ fún mi. Ó ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní òun ni òun máa kọ́kọ́ gùn ún lọ́la. Nígbà tó dùbúlẹ̀, bó bá ti lajú, ohun tó ń bi mí ni pé, 'Màámi, ṣé ọ̀la ti dé?'"

Nehemiah káwọ́ lé orí. Kò sunkún, ìbá tiẹ̀ sàn kó sunkún.

Tèmilọlá fún ìborùn rẹ̀ gbẹ, ó dà á bo èjìká bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ tan ẹ̀rọ yẹn."

Nehemiah lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sí ọmọ kankan lórí wọn. Ẹṣin pupa kọjá níwájú ògiri, ó lọ, ó tún dé. Ayọ̀nitèmi na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Nehemiah dúró ti ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé, "Èyímofẹ́, má bínú. Má bínú, jọ̀ọ́." Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn nìkan ló bẹ̀bẹ̀ tí mi ò lè ní kó dákẹ́.